Ohùn tí Mo Wá Lọ sí Ladi-Lak

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkó ti rí. Bí mo bá ní ó dára, ẹ ó ní mo ń fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní kò dára, ẹ ó ní ara oko ni mí. Nítorí náà mo jókòó, mo kọ ọ́, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí èmi náà lè ráyè sinmi. Ẹ má retí pé n óò sọ̀rọ̀ afárá àti òkun fún yín. N kò tilẹ̀ rí òkun. Ọrùn ènìyàn ni mo lọ wò.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé-ìwòsàn kékeré tí ó wà lẹ́yìn ọjà wa. Ẹ sì mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà ọmọge. Àwọn kan nínú yín a tilẹ̀ máa fi pè mí nígbà tí wọ́n bá rò pé n kò gbọ́. Mo ń gbọ́. Kò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lọ́fun. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí mi a máa dún débi pé ẹni tí ó wà ní yàrá kejì ń gbọ́ ọ. Dókítà wa wò ó, ó ní gígé ni a ó gé e, òun fúnra òun ni yóò sì gé e.

Dókítà yìí kan náà ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ó ti gé gẹ̀gẹ̀ fún nílùú wa. Ó fẹ́ mọ àwọn tí ara wọn yá pátápátá, àwọn tí ìyọnu bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti irú ìyọnu tí ó jẹ́, kí ó lè sọ ọ́ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi ni ó ní kí n máa pè wọ́n lórí fóònù. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nílé mọ́. Ṣómólú àti Bàrígà ni wọ́n wà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ láti ayé àwọn bàbá wa. Mo pè wọ́n. Ṣé ara le? A dúpẹ́. Ṣé kò sí ìyọnu kankan? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ bá wa kí dókítà. Bí gbogbo wọn ti ń dáhùn nìyẹn. Inú dókítà dùn. Ó ní, "O rí i? Kò sí ìṣòro kankan."

Èmi kò rí oorun sùn. Ta ni a bi nínú wa pé ṣé ara le, tí kò ní sọ pé a dúpẹ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń sọ ọ́. Bàbá mi sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú. Obìnrin kan sì tún wà nínú wọn, ní Ladi-Lak ní Bàrígà, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, Ìyá Dọlápọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni í máa gbé fóònù. Bí mo bá ní kí ó gbé e fún un, yóò ní ó wà ní balùwẹ̀, tàbí ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ó sùn. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ pé iṣan tí ń gbé ohùn ènìyàn, ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ gan-an ni ó gbà kọjá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bí ọ̀bẹ bá fara kàn án, ohùn lè lọ. Obìnrin wo ni í wà ní balùwẹ̀ nígbà gbogbo?

Mo sọ fún dókítà pé kí n tó sùn síwájú ọ̀bẹ rẹ̀, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó ní, "Máa lọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀." Kò bínú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dá a lójú pé a dúpẹ́ náà ni n óò bá níbẹ̀.

Ìlú tí kì í kí ni

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dà yín láàmú. Fádèyí ni wọ́n já mi sí, ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn sì ń rìn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo kí ìyá kan, kò dáhùn. Mo kí ọkùnrin kan, ó yà fún mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀kan tí ó to aṣọ síwájú, ó ní, "Àǹtí, ẹ mú èyí tí ẹ bá fẹ́, n ó bá yín ṣe é dáadáa." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ní Èkó, ẹni tí ó bá kí ọ lójú títì, ọjà ni ó fẹ́ rà tàbí ọjà ni ó fẹ́ tà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú, kí n sọ tẹ̀yìn. Sóbàtà kan tí ń gán bàtà lábẹ́ agbòòrùn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà Àǹtí Sìdí, àbúrò ìyá mi, gan-an ní Ṣómólú. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, ó ti yí padà. Ó ní, "Ẹ ṣáà má dúró sójú títì mọ́, ọ̀kadà á gbá yín." Wọn kì í kí ni, ṣùgbọ́n wọn a máa sin ni dé ilé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ṣómólú ni ariwo. Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ilé yìí ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, èyí ń tẹ kàlẹ́ńdà, ẹnìkan ń tẹ àwòrán òkú tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀rọ tí ń gé bébà sì ń ró gbì, gbì. Òórùn yíǹkì gba gbogbo àdúgbò kan. Ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Bí ọkọ bá fẹ́ bèèrè omi lọ́wọ́ ìyàwó, igbe ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ronú pé bí ohùn ènìyàn bá lọ, níbí yìí, kí ni yóò fi jẹun?

Àǹtí Sìdí, tí ń ránṣọ ní òpópónà Pedro, dì mọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Ó ti tóbi báyìí? Wọ́n á bá ẹ gé e jàre. Ọpuréṣọ̀n kékeré ni."

Ó ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé a máa ń jẹ ata nílé, ẹ lọ jẹ ti àwọn àgànyìn. Epo rẹ̀ dúdú, ata rẹ̀ gún mi dé etí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Búrẹ́dì náà ni ó dá mi lóró, nítorí gbogbo òkèlè ni ó ń dúró lọ́fun mi kí ó tó pinnu ibi tí yóò lọ. Àwọn ará ilé jókòó tì mí, wọ́n ń gbọ́ bí mo ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohùn Òkè-Ògùn mi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Àwọn ọmọdé ń sín mi jẹ. Yorùbá ni gbogbo wa, síbẹ̀ àlejò ni mí nínú rẹ̀.

A dúpẹ́, a dúpẹ́

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún mi ní mínírà, wọ́n bèèrè àwọn ará ilé, wọ́n ní kí n wo àpá ọrùn wọn bí ó ti jinná dáadáa. Nígbà tí mo bá wá bèèrè ohun tí ó gbé mi wá, wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní a dúpẹ́. Mo ń jáde nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tí wọ́n ń fi oyin kùn lójú.

Bàbá Ràfíù ni ó là mí lójú. Wẹ́dà ni wọ́n, wọ́n ń jó irin ní ìkóríta kan ní Pedro. Mo fi ìborùn bo ọrùn nítorí eruku lọ́jọ́ náà. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi, wọ́n sì kọ́kọ́ mi orí.

"Ká sọ òótọ́, nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, "ọwọ́ mi méjèèjì yìí, nígbà mìíràn..."

Ooru mú mi, mo sì tú ìborùn láti fi nu òógùn. Bàbá Ràfíù rí ọrùn mi. Ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́nu wọn.

"Tiyín náà ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ó gé e?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, Bàbá."

"Dókítà kan náà?"

"Àwọn náà ni."

"Alihamudulilahi. Ẹ má fòyà rárá. Bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn ni."

"Ẹ ti fẹ́ sọ nípa ọwọ́ yín, Bàbá."

"Ọwọ́ wo? Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ mi."

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń pa ìka dé tí wọ́n ń ṣí i, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú sí i lára. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wò. Àwọn kóró kéékèèké kan wà lẹ́bàá gẹ̀gẹ̀ tí kì í ṣe ara rẹ̀. Bí a bá gé wọn mọ́ ọn, ọwọ́ àti ètè ènìyàn á máa ṣe é yùùrì yùùrì. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro, bí ènìyàn bá sọ ọ́.

Ìgbà náà ni ó yé mi. Nílé wa, ta ni í sọ fún aláboyún pé ìrọbí tòun fẹ́rẹ̀ pa òun? Ta ni í sọ fún ẹni tí ń lọ sí odò pé ọ̀nì wà níbẹ̀, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń gbé ọrùn yìí wọ ilé wọn, wọ́n sì ń ṣàánú mi. Irọ́ àánú ni wọ́n ń pa fún mi. Inú bí mi sí wọn, ó sì tún bí mi sí ara mi pé inú ń bí mi, nítorí bí ó bá jẹ́ èmi náà, ohun tí n óò sọ nìyẹn.

Nígbà tí mo ń lọ sí Ladi-Lak, mo fi ìborùn wé ọrùn mi yípo, mo sì fi pín-ìn-nì dè é. Ooru ìbáà pa mí.

Ladi-Lak

Yàrá iwájú nílé Ìyá Dọlápọ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà níbẹ̀, bébà sì tò dé àjà. Kò sí iná, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Bàbá Dọlápọ̀, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ènìyàn gíga tí yíǹkì kò lè ṣí kúrò léèékánná rẹ̀, fi àga fún mi. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ètè rẹ̀ mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mú ṣíbí, ó fi gbá irin ojú fèrèsé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó nawọ́ sí ìkòkò omi. Ọmọ náà lọ bu omi wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ṣé ara le, Mà?" ni mo bi obìnrin náà.

"A dúpẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ṣé ẹ̀ ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹun. Ẹ bá wa kí dókítà. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ wọn."

Ìyá Dọlápọ̀ gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa nílé, pé a kì í gbé omi fún àlejò láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Díẹ̀ báyìí ni ó mu. Ikọ́ gbá a mú. Ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń pọ́n, ọwọ́ kan di ògiri mú, ikọ́ náà kò sì ní ìró gidi, atẹ́gùn lásán ni ó ń jáde. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó ń lù ú lẹ́yìn, kò sì wo ojú mi.

"Eruku bébà ni," ni ó wí.

Kì í ṣe eruku bébà. Bí iṣan ohùn bá ti bàjẹ́, ilẹ̀kùn ọ̀fun kì í pa dé mọ́, omi á sì gba ọ̀nà èémí. Mo jókòó, mo di ife omi náà mú, n kò lè mu ún. Ohun tí mo wá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀, mo ti rí i, ó sì wù mí kí n má ti wá.

Bí Ọlọ́run ti ń ṣe tirẹ̀, iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yè. Ẹni tí ó bá ti gbé Bàrígà yóò mọ̀ pé bí iná bá dé, òǹtẹ̀wé kì í bá àlejò ṣe eré mọ́, nítorí ta ni ó mọ ìgbà tí yóò lọ? Bàbá Dọlápọ̀ wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó wo aya rẹ̀. Ó tọrọ gáfárà, ó lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn pákó tí ó pín yàrá náà sí méjì, ariwo sì bo gbogbo ilé.

Mo yọ pín-ìn-nì, mo tú ìborùn. Mo ti pinnu láti bo ọrùn mi, ṣùgbọ́n níwájú obìnrin yìí, ó tì mí lójú láti bò ó.

Ó wò ó. Ó na ìka, ó fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, bí ènìyàn ti ń fọwọ́ kan ọmọ tí ó ń sùn. Ó fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi, ó gbé ẹnu sí etí mi. Afẹ́fẹ́ ni ohùn rẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ni yóò gé e?"

"Dókítà wa náà, Mà."

Mo rò pé yóò ní bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn ni.

"Ẹ má sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan," ni mo wí. "Gbogbo wọn ti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Mà."

"Àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "A, B, D. Orin àárọ̀. Nígbà tí mo dé láti ọpuréṣọ̀n, wọ́n ní ohùn á padà bọ̀. Mo ń retí ẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbọ́ mi mọ́, wọ́n ń sá káàkiri kíláàsì. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé mi. Báyìí mo ń bá ọkọ mi ká bébà. Níbí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnìkejì ẹ̀, ó bá mi lára mu."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún dókítà?"

Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lára mi. Lọ́jọ́ tó gé mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílé-ìwòsàn yín, bó ṣe rán ọgbẹ́ tán, òun fúnra ẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n fa tiẹ̀ fún mi. Ṣé èmi ni n ó wá pè é, kí n ní o bà mí lóhùn jẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Kí n tó dé ilé-ìwòsàn náà ni, dókítà kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà fún mi rí. Mo ṣáà sọ fún un pé ìtọ́jú wà fún irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀, pé àwọn dókítà etí àti ọ̀fun wà ní Èkó níbí tí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́, bí ohùn náà kò tilẹ̀ ní padà tán, ó kéré tán omi á máa gba ọ̀nà rẹ̀. Ó yí ojú sí mi wàrà. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un rí. Báwo ni wọn yóò ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le?

Bàbá Dọlápọ̀ ti dúró lẹ́nu pákó. N kò mọ ìgbà tí ó dé. Ojú rẹ̀ le.

"Ṣé ohun tí ẹ wá ṣe nìyí, nọ́ọ̀sì? Kí ẹ lè lọ ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka gbá tábìlì, lẹ́ẹ̀kan. Ó na ọwọ́ sí ọrùn mi, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i. Bàbá Dọlápọ̀ wò ó, ó sì jókòó lórí òkìtì bébà, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn láìsí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Ìyá Dọlápọ̀ tún gbé ẹnu sí etí mi. Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́.

"Tí wọ́n bá ti gé tìẹ tán, pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

Ilé

Mo dé ilé, dókítà sì bi mí pé ara wọn ńkọ́. Ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré náà, a dúpẹ́, ti yára tó láti dé ẹnu. Mo gbé e mì. Mo sọ ti Bàbá Ràfíù. Mo sọ ti Ìyá Dọlápọ̀.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo fún obìnrin yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ara mi," ni ó wí.

"Ìdí tí kò fi sọ fún yín gan-an nìyẹn, Sà."

Ó jáde, ó lọ dúró lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ abẹ, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ó ti parí láàárín wa. Nígbà tí ó padà, ó gbé fóònù, ó pe Bàbá Ràfíù. Kò bèèrè ara. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọwọ́ yín máa ń ṣe yín bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lórí ẹ̀?" Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín?" Bí ó ti pe gbogbo wọn nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kí wọ́n kọrin fún òun, kí wọ́n mu omi kí òun gbọ́, ìyọnu àwọn mìíràn tí a kò fura sí sì jáde. Ó sún ọjọ́ tèmi síwájú. Ó bẹ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn kí wọ́n wá dúró tì í nígbà tí ó bá ń gé mi.

Àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì gbà kí ó gé mi. Ọkùnrin tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò bínú sí ẹni tí ó sọ ọ́, mo lè sùn síwájú ọ̀bẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí mo lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà dúró níbi ẹsẹ̀ mi. "Sọ̀rọ̀," ni ó wí. Mo mi orí pé kò tíì yá. Mo nawọ́ sí fóònù mi. Mo pe nọ́mbà Ladi-Lak, mo ń retí ohùn díákónì.

Ẹni tí ó gbé e kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ èémí. Ẹ̀rọ kan ń dún lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ náà dé etí mi, Ìyá Dọlápọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìwọ ni? Ṣé ara le?"

A dúpẹ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo dá a dúró níbẹ̀.

"Ó ń dùn mí, Mà," ni mo wí. "Ó ń dùn mí gan-an."

Ohùn náà ha, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n tèmi ni. Dókítà di irin ibùsùn mú, ó jókòó. Lórí fóònù, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbá a mú, mo sì dúró títí ikọ́ náà fi tán.

"Mo gbọ́ ẹ," ni ó wí. "Ara tèmi náà kò le, ọmọ mi. Mo máa lọ sọ fún àwọn dókítà ọ̀fun lọ́la."